Okùn Kan Lórí Òjé

Bí èèyàn bá ń bọ̀ láti ọ̀nà ibodè, kó tó rí ilé kankan ní ìlú Edirne, ilé ìpèrun gíga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Mọ́ṣáláṣí Ńlá ni yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni òrùlé róbótó tó wà láàárín wọn á yọ, tó máa ń ṣú bí òjò bá ń rọ̀, tó sì máa ń dán bí oòrùn bá là. Òjé ni wọ́n fi bò ó. Àwọn tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀ a máa yin ọba tó ní kí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n a sì máa yin àgbà mọlémọlé tó fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń yin ẹni tí kò jẹ́ kí òjò jò wọ inú rẹ̀. Hilmi ni ẹni yẹn, kò sì retí pé kí ẹnikẹ́ni yin òun.

Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, atẹ́gùn sì ti fẹ́ lu etí rẹ̀ títí tí méjèèjì fi pọ́n tọdún-tọdún. Kò níyàwó, kò lọ́mọ. Yàrá tí ìyá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà ẹja ló ń gbé, pẹ̀lú ife kan, ṣíbí kan àti ìrọ̀rí kan. Tó bá ti kí Kẹrim tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí láàárọ̀, ó lè máà tún la ẹnu bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn kan rò pé ìwà rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó ti jẹ́ aláriwo rí.

Iṣẹ́ òjé kì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́nìkan. Bàbá wọn ló fi kọ́ Rasim ẹ̀gbọ́n àti Hilmi àbúrò, bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe fi kọ́ ọ. Wọ́n á yọ́ òjé, wọ́n á dà á sórí iyanrìn, wọ́n á sọ ọ́ di páànù. Wọ́n á po ẹrẹ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n á fi rẹ́ ẹ̀yìn òrùlé kí páànù lè rí ohun sùn lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi òòlù igi lu etí páànù kan wọ inú èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí òjé rọ̀. Bàtà onírun àgùntàn ni wọ́n máa ń wọ̀ lórí rẹ̀. Bí bàbá wọn bá rí ọmọ tó fi bàtà líle gùn ún, á fi òòlù gbá a nídìí. "Òjé kì í gbàgbé ẹsẹ̀," ni yóò wí. "Ibi tí o bá tẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni omi á dá sí lọ́la."

Okùn kan náà ni àwọn méjì máa ń lò. Okùn ọ̀hún á gba ìdí òṣùpá oníwúrà tó wà ní góńgó òrùlé kọjá. Ẹnì kan á so orí kan mọ́ ìbàdí, á kọjú sí apá àríwá. Ẹnì kejì á so orí kejì, á lọ sí apá gúúsù. Ìwúwo ẹni tibí ló ń dá ẹni tọ̀hún dúró. Wọn kì í rí ara wọn, torí òrùlé ti yọ ikùn sáàárín wọn. Okùn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ò ń wí pé kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ fún ọ. Bí o bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ò ń wí pé kí wọ́n dì ọ́ mú. Apá àríwá ni ibi tó burú, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọ ìlú, láti ayébáyé sì ni ó ti jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n. Àbúrò kì í débẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ilé ìpèrun ni ibi ìṣeré wọn. Ẹni tó kọ́ ọ ti fi ọgbọ́n kan sí méjì nínú wọn: àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn nínú òkúta, síbẹ̀ ẹni tó ń gun ọ̀kan kò lè rí ẹni tó ń gun èkejì. Rasim á gba ọ̀kan, á ní kí Hilmi gba ọ̀kan. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Tó bá ti dé ìdajì, ẹ̀rù á ba Hilmi, á pariwo mọ́ ògiri pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ohùn Rasim á sì gba inú òkúta wá: "Mo wà níbí. Máa gùn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dàgbà. Bàbá kú, wọ́n jogún okùn àti òòlù. Rasim fẹ́ Najiye, ó kó lọ sílé tirẹ̀ lẹ́bàá odò. Hilmi dúró ti ìyá wọn. Òun ló ń gún ata fún un, òun ló ń fa omi, òun ló sì ń ròyìn fún un lálaalẹ́ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí òrùlé, títí tí màmá fi máa ní, "Ó tó, Hilmi, o ti rẹ etí mi."

Nígbà òtútù ọdún kan ni wọ́n rán Hilmi lọ sí ìlú Babaeski láti lọ tún òrùlé mọ́ṣáláṣí kékeré kan ṣe. Yìnyín já bọ́, ó dí gbogbo ọ̀nà. Ìyá wọn ṣubú lẹ́bàá ààrò láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti dákẹ́. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí wọ́n má dá òkú dúró. Lèmọ́mù náà wí bẹ́ẹ̀. Rasim wo ojú ọ̀nà títí, kò rí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìrun Àílà, wọ́n gbé pósí sórí òkúta òkú tó wà ní àgbàlá Mọ́ṣáláṣí Ńlá, Lèmọ́mù bi àwọn èèyàn ní ohun tó máa ń bi wọ́n nígbà gbogbo: ṣé ẹ fi ẹ̀tọ́ yín jì í? Wọ́n ní àwọn fi jì í. Wọ́n sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú.

Ọjọ́ kejì ni Hilmi dé, tó fẹsẹ̀ rin èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà, yìnyín dé e lórúnkún. Nígbà tó gbọ́, àgbàlá ló gbà lọ. Rasim ń ti inú mọ́ṣáláṣí jáde, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ò lè dúró dè mí?"

"Hilmi, àwọn àgbà ló ní..."

"Ṣé àwọn àgbà ló bí i? Àwọn ni wọ́n ń fún un lómi lóru? Gbogbo ìlú dá a lóhùn lórí òkúta yìí, èmi nìkan ni mi ò dá a lóhùn!"

"Àbúrò mi, gbọ́ mi ná. Ọ̀nà ti dí. Mi ò mọ ọjọ́ tí o máa dé."

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Hilmi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ lójú gbogbo ayé. "Ìwọ Rasim, mi ò fi ẹ̀tọ́ mi jì ọ́. Láyé, lọ́run, mi ò fi jì ọ́."

Nílùú wa, èèyàn lè bú ara wọn, wọ́n lè lu ara wọn, wọ́n á sì jọ mu tíì lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọn kì í sọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí, ẹrù ló gbé lọ síwájú Ọlọ́run, ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló sì lè sọ ọ́ kalẹ̀ fún un, ó sì dára kó jẹ́ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láyé. Rasim fi ọwọ́ nu yìnyín kúrò léjìká àbúrò rẹ̀, Hilmi gbọn ọwọ́ náà dànù.

Nígbà tí òtútù lọ, òjé kò mọ̀ pé ìjà wà. Òrùlé ń jò, àwọn méjì yìí nìkan ni wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe tún so okùn kan mọ́ra nìyẹn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ ò rí nǹkan: ẹni tí kò lè fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ji ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ kọ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ní ìbàdí láràárọ̀. Wọn kò kí ara wọn. Okùn nìkan ló ń sọ̀rọ̀: dẹ̀ ẹ́, dì mí mú. Ọdún ń yí lu ọdún, irun Rasim funfun, eyín Hilmi bẹ̀rẹ̀ sí í ká.

Ohun kan ń bí Hilmi nínú lórí òrùlé. Apá gúúsù tirẹ̀ máa ń tètè parí, apá àríwá kì í parí. Ohun kejì tún wà tó burú sí i. Bó bá ti ń lu òòlù tirẹ̀ kíkankíkan, kò ní gbọ́ nǹkan kan láti òdìkejì. Ṣùgbọ́n tó bá sọ̀kalẹ̀ sórí pèpéle tó yí ìdí òrùlé ká, tó jókòó, tó fẹ́ fi wàràkàṣì jẹ búrẹ́dì, nígbà náà ni òòlù Rasim á bẹ̀rẹ̀: kò, kò, kò.

"Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni," ó sọ fún Kẹrim. "Tí mo bá ń ṣiṣẹ́, ó ń sùn. Tí mo bá ní kí n sinmi, ariwo dé."

"Bi í léèrè."

"Ta ni kí n bi?"

"Ẹni tó wà lórí okùn rẹ, Ọlọ́run mi!" Kẹrim gbé ife kalẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì ẹ so ara yín lókùn bí ewúrẹ́ tó ń rọjà, ẹ wá ní ẹ ò mọ ara yín rí. Ojú ò ha tì yín?"

"Fún mi ní ṣúgà."

"Ṣúgà ò lè tú ojú rẹ ká, mo ti wò ó."

Lọ́jọ́ kan, ìrì dídì wà lára òjé láàárọ̀, Hilmi kò sì rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Òòlù fò lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́ tó ń dún lọ sísàlẹ̀. Ó ní òun ti kú. Ṣùgbọ́n kò tíì yọ̀ tó gígùn ara rẹ̀ tí okùn fi mú un pinpin, bí ìgbà tí wọ́n so ó mọ́ ògiri. Ó rọ̀ síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tún rí ibi tẹ̀. Nírọ̀lẹ́, níbi tó ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ díndín, ó ní fún Kẹrim pé, "Àwọn ará àtijọ́ mọ irin gbìn. Òṣùpá yẹn ò mì rárá." Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Rasim kọjá lójú ọ̀nà, ó fi aṣọ di àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Hilmi rí i. Ó fẹ́ bèèrè. Ó já búrẹ́dì sẹ́nu.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún tó tẹ̀ lé e ni ikọ́ mú Rasim. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa parí fún òtútù, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Oṣù àṣúrà dé, oṣù tí gbogbo ilé ń se àṣúrè, ọkà àlìkámà àti ẹ̀wà àti èso gbígbẹ tí wọ́n fi ṣúgà sè pọ̀, tí wọ́n á sì bù fún aládùúgbò. Najiye gbé àwo kan wá sẹ́nu ọ̀nà Hilmi. Obìnrin kúkúrú ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Gba àwo yìí, Hilmi, ó gbóná."

"Ẹ ṣé, Àǹtí."

"Kò sùn lánàá. Tó bá sùn sílẹ̀, èémí kì í dé. Mo fi ìrọ̀rí gbé e jókòó."

Hilmi ń wo inú àwo. "Òun ló ní kí ẹ wá?"

"Èmi ni mo se oúnjẹ, èmi náà ni mo sì gbé e wá."

"Tó bá fẹ́ rí mi, ó mọ ilé."

"Ẹsẹ̀ wo ni kó fi wá?" Najiye fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀, Hilmi. Ẹlòmíì ò lè bá ọ gbé e kúrò nílẹ̀. Àwo mi ni kí o má fọ́."

Ó jẹ oúnjẹ náà lórí ìdúró, omijé sì bọ́ sínú rẹ̀, torí ó dùn gẹ́gẹ́ bí ti ìyá wọn. Ó fọ àwo, ó gbé e sí ojú fèrèsé. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn kì í dá àwo padà lófìfo nílùú wa. Ohun tí a bá rí la ó fi sí i, ìbáà jẹ́ èso ápù méjì. Ibẹ̀ ni Hilmi ti rí àwáwí. Kí ló fẹ́ fi sínú àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Gbogbo nǹkan tó bá rí lọ́jà, lójú rẹ̀ kò tó.

Lọ́jọ́ kan ó ra àdídùn tí wọ́n fi álímọ́ńdì ṣe, ó fi kún àwo, ó sì mú ọ̀nà odò pọ̀n. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti ń sọ ọ́ lọ́nà: Ẹ̀gbọ́n, mo fi jì yín, ẹ̀yin náà ẹ fi jì mí. Ìrọ̀lẹ́ ni, iná wà nílé Rasim. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn aládùúgbò ti wá kí aláìsàn, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ ìjàkadì tí wọ́n fi òróró para jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Rasim fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ ń gé ẹ̀rín náà sí wẹ́wẹ́. Hilmi dúró nínú òtútù. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ara rẹ̀ kúkú yá. Ó ní, wọn ò ṣàìní mi. Ó ní, tí mo bá wọlé báyìí, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á máa wò mí. Ó padà, ó ń jẹ àdídùn náà lọ lójú ọ̀nà, kò mọ̀ bó ṣe dùn tó. Agídí rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe àwo, kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ku ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kó wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ń dá iná, ó gbọ́ tí Ládàánì gbóhùn sókè lórí ilé ìpèrun, kì í sì í ṣe àsìkò ìrun. Ìkéde òkú ni. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ láti gbọ́ orúkọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó dárúkọ bàbá Hilmi, ó ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà yẹn, méjì péré ni wọ́n láyé, Hilmi sì mọ̀ pé òun ò tíì kú.

Kò rántí bó ṣe dé àgbàlá. Yìnyín wà lórí aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n fi bo pósí. Òkúta yẹn náà ni, èyí tó gbé ìyá wọn. Èrò pọ̀, torí Jímọ̀ ni. Wọ́n yà fún Hilmi títí tó fi dé iwájú, kì í ṣe torí ọ̀wọ̀. Gbogbo wọn ló rántí.

Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù kọjú sí wọn. Ọkùnrin arúgbó ni, ohùn rẹ̀ kì í dún jù.

"Ẹ̀yin èèyàn, báwo lẹ ṣe mọ Rasim sí?"

"Ẹni rere la mọ̀ ọ́n sí!"

"Ṣé ẹ fi ẹ̀tọ́ yín jì í?"

"A fi jì í!"

Hilmi la ẹnu, ohùn kò jáde. Lèmọ́mù rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n máa ń bèèrè. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, àwọn èèyàn dáhùn, Hilmi kò dáhùn. Ẹnì kan lẹ́yìn mí kanlẹ̀. Lèmọ́mù tún bèèrè, ó sì ń wo ojú Hilmi nìkan. Àwọn èèyàn tí wọ́n fẹ́ dáhùn pa ẹnu mọ́, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un.

"Mo fi jì í!" Ó pariwo rẹ̀ débi pé àwọn ẹyẹlé fò kúrò lára ògiri. "Mo fi jì í, mo fi jì í! Èmi náà ńkọ́? Rasim! Ẹ̀gbọ́n! Ta ló máa fi ji èmi?"

Kò sí ibi tí wọ́n kọ ìdáhùn ìyẹn sí. Lèmọ́mù tẹ orí rẹ̀ ba. Àwọn ọkùnrin gbé pósí léjìká, èjìká ń gbà á lọ́wọ́ èjìká, Hilmi sì ń sá tẹ̀ lé wọn kó lè gbé díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n wà níwájú kò fẹ́ jọ̀wọ́ àyè wọn.

Nígbà tí àwọn tó wá kẹ́dùn ti dín kù, ó gbé àwo lọ fún Najiye. Sẹ̀mófítà tí wọ́n fi bọ́tà àti ṣúgà yan, tí wọ́n máa ń ṣe nítorí òkú, ló fi sínú rẹ̀. Òun ló rò ó fúnra rẹ̀, ó sì jóná lábẹ́.

"O dá àwo padà," Najiye wí.

"Àǹtí, ṣé ó sọ nǹkan kan? Nípa tèmi?"

Najiye gbé àwo sórí itan. "Lálaalẹ́ ló máa ń ní kí n má ti ilẹ̀kùn. Mo ní òtútù ń wọlé. Ó ní kí n jẹ́ kó máa wọlé."

"Ṣé ó fi jì mí?"

"Mo bi í. Ó ní, 'Jẹ́ kó wá, ẹnu mi ni kó ti gbọ́ ọ.'" Ó nu ojú. "Mi ò lè purọ́ mọ́ òkú, Hilmi. Ohun tó sọ nìyẹn, kò sọ nǹkan mìíràn."

Òtútù yẹn ni Hilmi gbọ́ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń jẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan wà tí kò bá a sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an kò sí mọ́. Ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà á, ẹ̀rù ilé ń bà á. A máa wọ mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti jáde, a jókòó sábẹ́ òrùlé, láàárín àwọn òpó mẹ́jọ tó gbé e ró, a máa wo òkè níbi tí òun àti Rasim ti ń rìn lórí rẹ̀, a sì máa bi Rasim léèrè ní ohùn kékeré: ṣé ẹ fi jì mí? Ilé náà tóbi, ohùn kékeré máa ń yí ká nínú rẹ̀. Ohun tó bá bèèrè náà ló ń padà wá bá a.

Òtútù lọ, oòrùn dé. Àwọn ẹyẹ àkọ̀ padà sórí ilé. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti apá àríwá, wọ́n sì mú ọkùnrin kan wá láti ìlú Bursa kó lè di ẹnì kejì lórí okùn. Muzafẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin oníkùn ńlá tó ti mọ iṣẹ́ òjé díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ọ̀gá Hilmi, apá wo ni tèmi?"

"Gúúsù."

"Wọ́n ní gúúsù lẹ máa ń wà."

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n báyìí."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Hilmi yí ìdí òṣùpá kọjá sí ojú àríwá. Atẹ́gùn gbá a lójú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mí. Ó ń wá ibi tó ń jò. Kò tíì rìn jìnnà nísàlẹ̀ góńgó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ sínú ihò kan. Ó wò ó. Ihò méjì ni, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó jìn tó àtẹ́lẹwọ́, òjé ibẹ̀ sì ti dán. Nísàlẹ̀ wọn, ibi kan tẹ́, ó fẹ̀ tó ìdí èèyàn. Láti ibẹ̀ dé ìdí òṣùpá, ojú ibi tí okùn ti ń họ òjé wà níbẹ̀ bí ojú ọ̀nà.

Ó kọ́kọ́ bínú pé ta ló ba òjé jẹ́ báyìí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó dáadáa. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lu páànù, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, á dojú kọ òjé. Ẹni tó bá jókòó síbí, tó kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́, tó kọjú sí òṣùpá, tó fi gìgísẹ̀ méjèèjì gún òjé, ohun kan ṣoṣo ló lè máa ṣe: okùn ló dì mú. Bàtà onírun kò sì lè gbẹ́ irú ihò yìí lọ́dún kan tàbí méjì.

Gbogbo rẹ̀ já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí apá àríwá kì í fi í parí. Ìdí tí òòlù Rasim kì í fi í dún àfi tí Hilmi bá jókòó síbi tí kò lè ṣubú. Òṣùpá kọ́ ló mú un lọ́jọ́ ìrì dídì. Àtẹ́lẹwọ́ méjì tí okùn bó ni. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní àgbàlá, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ Hilmi bá wà lórí ibi yíyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, á jókòó sínú atẹ́gùn yìí, á dì í mú. Nígbà tí Rasim náà wá ń ṣiṣẹ́, Hilmi ti wà lórí pèpéle, ó ń jẹ wàràkàṣì, okùn rẹ̀ dẹ̀. Kò sẹ́ni tó di Rasim mú.

Hilmi jókòó. Ó ki gìgísẹ̀ rẹ̀ bọ inú ihò méjèèjì. Ẹsẹ̀ Rasim fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé, ó ń pe Ẹ̀gbọ́n, atẹ́gùn sì ń kó o lọ lẹ́nu rẹ̀.

Okùn fà lẹ́ẹ̀kan. Muzafẹ́ fẹ́ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Hilmi dẹ̀ ẹ́. Okùn fà lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá, bí ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ọkùnrin náà kò tíì mọ bí òrùlé yìí ṣe ga tó. Ohùn rẹ̀ gba orí òjé wá, ó tín-ín-rín:

"Ọ̀gá! Ọ̀gá Hilmi! Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Hilmi fi okùn yí ọwọ́. Ó fi gìgísẹ̀ gún ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gún, ó sì la ẹnu lórí òrùlé tí kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

"Mo wà níbí," ó wí. "Máa gùn."